Ọkọ Tó Ń Mutí Wa Mọ́tò: Ohun Tí Òfin Sọ fún Ìyá Ọlọ́jà

Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò obìnrin tó wá sí ìpàdé gbogbogbò bá wa sọ. A tẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.

   

Akọ̀wé yín ti fi àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi kí n tó wá. Mo kà wọ́n tán, mo rí i pé oríṣi méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èkíní, báwo ni èèyàn ṣe ń kọ ọkọ lọ́nà òfin, kí ni yóò sì jẹ́ ti obìnrin tó bá kọ ọkọ? Èkejì, wọ́n mú ọkọ mi tàbí ọmọ mi pé ó mutí wa mọ́tò, kí ni kí n ṣe? Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ méjì yìí kò bára tan. Ẹ wo àárín ara yín ná. Ta ni ọkọ wa? Dírẹ́bà dáńfó ni, dírẹ́bà akérò ni, dírẹ́bà tírélà tó ń kó àlùbọ́sà àti tòmátò wá láti òkè Ọya ni. Bí ó bá mutí tí wọ́n bá mú un, inú àpò ìyá ọlọ́jà ni owó ti ń jáde. Bí ó bá sì wá di ojoojúmọ́, ìyá yẹn kan náà ni yóò fà mí sí kọ̀rọ̀ pé, “Lọ́yà, ṣé mo lè kọ̀ ọ́ báyìí?” Ẹ ò rí i pé ilé kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń gbé.

Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu mi títí n ó fi jókòó ni ìwé. Ẹni tó ń jìyà lè jẹ́ ìwọ, kí ẹjọ́ sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, torí ẹlòmíràn ló ní ìwé lọ́wọ́.

FÓÒNÙ DÚN NÍ ÒRU

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èyí tó máa ń dé lójijì bẹ̀rẹ̀. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù, fóònù dún: wọ́n ti mú bàbá àwọn ọmọ, wọ́n ní ó ti mutí, ó lọ kọ lu ọlọ́kadà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó kó owó tí a fẹ́ fi ra ọjà lọ́la, a ó sì máa sáré. Ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló mú un, ṣé èèyàn fara pa?

Bó bá jẹ́ àwọn Road Safety ló dá a dúró, tí ẹnikẹ́ni kò fara pa, ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n ń kọ fún un. Nínú àkọsílẹ̀ ìjìyà tiwọn, ìtanràn ẹni tó mutí tàbí tó lo oògùn wa mọ́tò jẹ́ 5,000 náírà, wọ́n á sì kọ pọ́ìntì 5 sí orúkọ rẹ̀. Bí pọ́ìntì bá ń pọ̀ sí i, wọ́n á kìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí wọ́n gbà á pátápátá. Ìjọba là ń san owó ìtanràn yẹn fún, nípasẹ̀ báǹkì, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́bàá títì. Ẹni tí kò bá sì gbà pé òun jẹ̀bi lè ní kí wọ́n gbé òun lọ sí kóòtù.

Ẹ má fi 5,000 yẹn rẹ́rìn-ín o. Bí èèyàn bá fara pa, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá kú, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìtanràn, ó di ti ọlọ́pàá àti kóòtù, ẹ̀wọ̀n ló sì wà níbẹ̀. Ọtí tó mu yóò sì ta kò ó ní gbogbo ibi tó bá ti yà sí nínú ẹjọ́ náà.

Ìyá kan kọ ọ́ pé ọkọ òun kì í mutí, agbo ló ń mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí dáadáa, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta agbo wà níbí, àwọn tó ń ta páragà náà sì wà níbí. Agbo tí wọ́n fi omi sè yàtọ̀. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọ̀gógóró rẹ, ọtí ni. Ẹ̀rọ tí Road Safety ń ní kí dírẹ́bà fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí kò mọ̀ pé ìdí jẹ̀díjẹ̀dí ló fi mu ún. Ọtí ni yóò rí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìgò kalẹ̀ sí ẹnu géréèjì láàárọ̀ kùtùkùtù, mi ò wá síbí láti ba ọjà yín jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà máa ń wọ mọ́tò tí dírẹ́bà yẹn ń wà.

Bí ó bá ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ kedere. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un fún un nínú ìwé, ní èdè tó gbọ́. Ó lè dákẹ́, kó ní òun kò ní sọ nǹkan kan títí òun yóò fi rí lọ́yà òun. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Níbi tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Bí wọ́n bá sì dé kóòtù tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà sí i létí. Ojú ọtí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fọwọ́ sí i, tí ojú wọn bá dá, wọ́n á ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó wá dùn mí jù ni ti ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ kọ lu èèyàn tó sì sá lọ. Ìyá yìí ni àwọn ọlọ́pàá wá gbé ní ìdí igbá ọjà rẹ̀, wọ́n ní ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá yọjú ni àwọn yóò fi í sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ sì sọ ọ́ fún ará ìlà yín: òfin kò gbà á. Òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí à ń pè ní ACJA, sọ ní abala 7 pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 2020, tó kan gbogbo Nàìjíríà, sọ bẹ́ẹ̀ náà. Wọn kì í mú ìyàwó dípò ọkọ, wọn kì í mú ìyá dípò ọmọ. Bí wọ́n bá dé sí ìsọ̀ yín, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì bú wọn, torí ẹ̀sùn tuntun ni wọ́n á sọ ìyẹn dà. Ẹ fi sùúrù béèrè pé, “Ọ̀gá, ẹ̀sùn wo lẹ fi kan èmi gan-an?” Kí ẹni méjì nínú àwọn ará ìlà tẹ̀ lé wọn dé àgọ́. Kí ẹnì kan pe Ìyálọ́jà, kí ẹnì kan pe lọ́yà. Ẹ kọ orúkọ àgọ́ náà àti aago tí wọ́n mú un sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ìwé ti dé.

BÉLÌ ÀTI ONÍDÙÚRÓ

Bélì kì í ṣe ọjà títà. Wọ́n tilẹ̀ máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àgọ́ ọlọ́pàá pé ọ̀fẹ́ ni. Mo gbọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó tí kò tọ́ sí i kì í fẹ́ kọ rìsíìtì.

Ohun tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ni onídùúró. Àwọn kan máa ń ní àwọn kò gba obìnrin, wọ́n á ní kí obìnrin lọ pe ọkùnrin wá. ACJA kan náà, abala 167, dá wọn lóhùn: wọn kò gbọdọ̀ sọ pé ẹnì kan kò lè dúró fún èèyàn kìkì nítorí pé obìnrin ni. Ìyá tó ní ìsọ̀, tó ní ìwé ìsọ̀, tí gbogbo ọjà mọ̀, onídùúró gidi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí. Bí kóòtù bá ní bélì 200,000 náírà pẹ̀lú onídùúró kan, ẹ kò ní ka owó náà kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlérí ni ẹ ṣe pé ẹni yìí yóò máa wá sí kóòtù. Ọjọ́ tó bá sá ni owó yẹn yóò wá di gbèsè yín, wọ́n sì lè tọ dúkìá tí ẹ kọ sínú ìwé lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ fún àbúrò ọkọ ẹni pé a ò lè dúró fún un. Ẹ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù kí n tó kúrò níbí. Àwọn kan nínú wa ló ni mọ́tò fúnra wọn. Wọ́n fi owó àjọ rà á, wọ́n gbé e fún dírẹ́bà, ó ń dá owó fún wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí dírẹ́bà bá mutí tó sì ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n ti ọtí jẹ́ ti ẹni tó wa mọ́tò. Àmọ́ ẹni tó fara pa lè pe ẹ̀yin tí ẹ ni mọ́tò lẹ́jọ́ pé kí ẹ san owó ìtọ́jú òun, torí iṣẹ́ yín ni dírẹ́bà ń ṣe lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òfin fi sọ ìṣúra mọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní third party, di dandan. Ẹni tí mọ́tò yín ṣe léṣe tàbí tí ó ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ni ó ń san owó fún, kì í tún mọ́tò tiyín ṣe. Ẹ ra ojúlówó, kì í ṣe èyí tí ọmọ kan tẹ̀ jáde ní ilé kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ọ̀mùtí ni dírẹ́bà, tí ẹ ṣì fún un ní kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ yín nínú kóòtù yóò ṣòro gbèjà.

IRÚ ÌGBÉYÀWÓ WO LẸ ṢE?

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Bí obìnrin bá wọ ọ́fíìsì mi tó ní òun fẹ́ kọ ọkọ òun, mi ò kì í bi í pé kí ló ṣe é. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe, ìwé rẹ̀ dà?

Bí ẹ bá ṣe ìdána, tí àwọn ẹbí gba owó orí, tó sì parí síbẹ̀, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni. Kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní kọ́kọ́-kọ́kọ́, ló ń tú u ká. Irú èyí tó wà ní Mápó ní Ìbàdàn, ẹ ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ lè lọ síbẹ̀ fúnra yín láìgba lọ́yà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kóòtù lè ní kí obìnrin dá owó orí padà fún ọkọ. Owó orí nìkan ni o. Ọkọ tó bá ní kí ẹ ka aṣọ ìyàwó, ìnáwó ìsọmọlórúkọ àti owó ọtí àna sí i kò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn tí wọ́n so yìgì fún, tí wọn kò lọ sí kóòtù ìgbéyàwó, kóòtù ìbílẹ̀ yìí náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àwọn àlùfáà kò bá rí i parí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí kóòtù ìgbéyàwó, tàbí tí ẹ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí ọkọ, ìyàwó àti ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, ìgbéyàwó alárédè nìyẹn. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan, High Court, ló lè tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀ rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Obìnrin á ṣe alárédè, ìjà á dé, á lọ sí kọ́kọ́-kọ́kọ́, wọ́n á fún un ní ìwé pé ó ti tú ká, á lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Lójú òfin, ìyàwó ọkọ àkọ́kọ́ ló ṣì jẹ́. Ọjọ́ tí ọkọ kejì bá kú tí wọ́n fẹ́ pín ogún ni wọ́n máa ń yọ ìwé àtijọ́ yẹn síta.

Bákan náà, ọkọ tó ṣe alárédè kò lè tún lọ dána ìyàwó mìíràn. Òfin ọ̀daràn wa kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Kí n má tàn yín, ìjọba kì í sábà gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

ṢÉ ỌTÍ LÈ TÚ ÌGBÉYÀWÓ KÁ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè tú u ká. Òfin ìgbéyàwó alárédè, Matrimonial Causes Act ti 1970, sọ pé ìdí kan ṣoṣo ló wà fún ìkọ̀sílẹ̀: pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun kan nínú àwọn tí òfin kà sílẹ̀ hàn. Ọ̀kan níbẹ̀ ni ìwà tí kò ṣeé bá gbé. Òfin náà sì mẹ́nu kan ọ̀mùtí: ẹni tó ti jẹ́ ọ̀mùtí paraku fún ọdún méjì, ó kéré tán, láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ra. Ti ẹni tó ń lo oògùn ní àlòjù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, pé Road Safety mú ọkọ yín lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ ìsinmi ọdún kò tó láti kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti mú un lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìwé ìtanràn wà, tí ìwé ọsibítù wà, tí alábàágbé lè jẹ́rìí pé wọ́n máa ń gbé e wọlé lóru, ẹjọ́ ti wà nìyẹn. Ẹ rí i bí ìwé tí wọ́n kọ lẹ́bàá títì ṣe ń di ẹ̀rí nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá tó bá fi ìtìjú ya gbogbo rẹ̀ dà nù yóò dé kóòtù, ọkọ yóò wọ kóòtù pẹ̀lú ṣáàtì funfun, yóò ní òun kì í mu ju máltì lọ.

Òfin tún mẹ́nu kan ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ọ̀daràn léraléra láàárín ọdún márùn-ún, tí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún un lápapọ̀ tó ọdún mẹ́ta, tí kò sì fi ohun ìgbọ́bùkátà sílẹ̀ fún ìyàwó.

Àwọn ọ̀nà yòókù, n ó sáré kà wọ́n. Bí ọkọ bá fi yín sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìnídìí. Bí ẹ kò bá gbé pọ̀ fún ọdún méjì, tí ẹnì kejì kò sì lòdì sí ìkọ̀sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, bó gbà bí kò gbà. Àgbèrè náà wà níbẹ̀, bí ẹ bá fi hàn pé ẹ kò lè fara dà á mọ́. Obìnrin tí lílù lé jáde nílé ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní òun ló sá kúrò nílé ọkọ. Rárá o, ẹni tó fi ìwà rẹ̀ lé èèyàn jáde ni òfin ń wò bí ẹni tó fi ilé sílẹ̀.

Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ kóòtù. Bí adájọ́ bá sì ti dájọ́, kò tíì parí lọ́jọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di pátápátá. Ẹ má lọ fẹ́ ẹlòmíràn láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Bí ó bá wá ń lù yín ńkọ́? Ẹ má jókòó ka ọdún méjì. Òfin tó dá ìwà ipá lẹ́kun wà, ti Èkó láti 2007, ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní VAPP láti 2015, àwọn ìpínlẹ̀ wa yòókù náà sì ti ṣe tiwọn. Kóòtù lè pàṣẹ pé kó má sún mọ́ yín, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́.

ILÉ, ÌSỌ̀ ÀTI OWÓ ÀJỌ

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣí etí yín dáadáa. Ẹjọ́ kan dé Supreme Court ní 1992. Obìnrin kan ní òun bá ọkọ òun kọ́ ilé tí ọkọ ti tà. Àwọn adájọ́ kò ní irọ́ ló ń pa. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ohun tó rà gan-an, àti iye tó jẹ́. Kò lè fi í hàn bó ṣe yẹ. Ó pàdánù.

Ẹ ronú sí i. Mélòó nínú wa ló ra sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ sórí rìsíìtì? Ọmọ yàrá ìtajà á béèrè pé, “Mummy, orúkọ wo ni kí n kọ?” Àwa fúnra wa la máa ń sọ pé, “Kọ orúkọ Daddy.” Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a kó àjọ ọdún kan, a gbé e fún ọkọ lọ́wọ́ sí ọwọ́, òun ló lọ sanwó ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé. Kóòtù ní agbára láti pín dúkìá fún tọkọtaya bó bá ṣe tọ́, òfin 1970 yẹn fún adájọ́ lágbára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ adájọ́ kò gbé inú ilé yín. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò rí.

Nítorí náà, ohun tí ẹ fi owó yín rà, kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ jọ rà, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí ọkọ láti fi kọ́ ilé, ẹ fi í ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ sì kọ ohun tó wà fún sí i: “owó búlọ́ọ̀kù,” “owó páànù.” Káàdì àjọ, ẹ má sọ ọ́ nù bí ẹ bá ti kó o tán. Ìwé tí ẹ ń kọ ọjà àwìn sí, ẹ ní kí ọmọ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Ìsọ̀ ńkọ́? Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi fún yín ní ìsọ̀, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Obìnrin lè ti jókòó sí ìsọ̀ kan fún ogún ọdún kó jẹ́ orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé, torí pé ọkọ ló lọ sí káńsù lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín in. Bí àárín yín bá ṣì dán mọ́rán, àsìkò nìyí láti lọ tún un ṣe. Ó rọrùn láti tọrọ irú nǹkan báyìí nígbà tí ọkọ ṣì ń pè yín ní “ìyàwó mi àtàtà.”

Ẹnì kan béèrè pé àwọn ẹbí ẹni tí ọkọ òun kọ lù wá gba ọjà lọ́wọ́ òun, wọ́n ní gbèsè ọkọ gbèsè ìyàwó. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i tàbí tí ẹ dúró fún un, gbèsè rẹ̀ kì í ṣe tiyín, ọjà yín kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ẹ lè fi àánú ṣe é fún ẹni tó fara pa, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àánú ni, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ gbèsè.

ÀWỌN ỌMỌ

A máa ń sọ nílé wa pé bàbá ló lọmọ. Kóòtù kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí yóò ṣe ọmọ láǹfààní ni òfin 1970 ní kí adájọ́ gbé ṣíwájú gbogbo nǹkan, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá náà ti gbà, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú ọtí lẹ́nu, adájọ́ yóò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ yín, bàbá kò bọ́ nínú owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé. Bí kò bá san án, ẹ lè lọ sí ọ́fíìsì Welfare ní káńsù yín. Ní Èkó, Citizens’ Mediation Centre ń bá èèyàn parí irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láìdé kóòtù.

LỌ́YÀ TÍ A KÒ NÍ SANWÓ FÚN

Èyí ni ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìwé: “Mi ò lówó lọ́yà.” Legal Aid Council jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dúró fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, pàápàá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Ní Èkó, Office of the Public Defender wà pẹ̀lú. Àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, máa ń ran obìnrin lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà Road Safety, kò ní jẹ yín lówó.

Ìyá kan ti ń nawọ́ láti ìgbà yìí, mo rí yín, Mà. Ẹ ní ṣé kí ẹ wá kọ̀ ọ́ ni àbí kí ẹ má kọ̀ ọ́. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ lọ́yà. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún yín bí ẹ bá dúró àti bí ẹ bá lọ. Mo mọ ìyá tó dúró, tí ọkọ rẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí, tí wọ́n sì jọ ń ta ọjà títí dòní. Mo mọ èyí tó dúró títí wọ́n fi ta ìsọ̀ rẹ̀ san owó ìtọ́jú ẹni tí ọkọ rẹ̀ gbá.

N ó wà lábẹ́ ibòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ títí di agogo mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, kó mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ wá, àti ìwé ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ mú fọ́tòkọ́pì wá o, kí ojúlówó wà nílé níbi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀.